Ọ̀tá Ọ̀rá ní Kankon

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí Adédìran dé Kankon láti wá ṣe ọ̀gá Ibùdó Ìdánwò Oúnjẹ Adìẹ, kì í ṣe adìẹ ló kọ́kọ́ béèrè. Àga ló béèrè. Èyí tí ọ̀gá àná fi sílẹ̀ kúrú jù lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá jókòó síbẹ̀, ọgbọọgba ni ojú òun àti ojú àwọn òṣìṣẹ́ yóò wà, ìyẹn kò sì bá ètò ìjọba mu. Wọ́n pe káfíńtà wá láti Ìjanikin, ó fi igi gbé àga náà sókè títí ẹsẹ̀ ọ̀gá kò fi kanlẹ̀ mọ́. Bó bá ti jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa mì dirodiro. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì débì kankan.

Dosi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin Ègùn ni, láti Ikoga, òun ló sì ti ń po oúnjẹ adìẹ ní ibùdó náà láti ọdún mọ́kànlá. Ó ti sin ọ̀gá mẹ́rin kọjá, àánú wọn ló sì máa ń ṣe é ju ìbẹ̀rù wọn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí tí kò fẹ́ kí ọ̀gá kankan bà jẹ́. Ibùdó fẹ́ mọ irú ọ̀rá tó dára jù láti pò mọ́ oúnjẹ bróílà, adìẹ ẹlẹ́ran tí wọ́n ń tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn yóò pín àádọ́jọ adìẹ sí ilé mẹ́ta. Epo pupa ni wọn yóò fi po oúnjẹ ilé kìíní, àdí àgbọn ni ti ilé kejì, ọ̀rá màlúù ni ti ilé kẹta. Tó bá di ọjọ́ kejìlélógójì, wọn á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n níwájú àlejò láti Ìkẹjà. Èyí tó bá borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ibùdó yóò máa rà, òun náà ni wọn yóò sì ní kí gbogbo ọlọ́sìn adìẹ agbègbè náà máa lò.

Ta ló ń ṣe àdí àgbọn ní Ikoga? Sẹ̀nami ni, ẹ̀gbọ́n Dosi, pẹ̀lú obìnrin mọ́kàndínlógún tí wọ́n jọ ń fọ́ àgbọn, tí wọ́n jọ ń rin ín, tí wọ́n jọ ń sè é. Òróró inú ike ti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Sẹ̀nami ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ọdún yìí bá tún rí bí èṣí, àwọn yóò da ìkòkò dé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wo adìẹ, ìkòkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Dosi ń wò.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ adìẹ dé nínú páálí, ọmọ ọjọ́ kan péré ni wọ́n, ìrìn-àjò ti tán wọn lókun, omi àti ooru ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adédìran fún wọn. Níyì, akọ̀wé rẹ̀, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú láti ki ọ̀gá.

"Aláṣẹ Ibùdó! Òpómúléró Etíkun! Ẹni tó gbọ́n ju ìwé lọ!"

Ọ̀gá wú, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí páálí.

"Ẹ̀yin ọmọ adìẹ! Ẹ̀yin èwe tí ọjọ́ iwájú ọbẹ̀ ilẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò tíì sí ìran adìẹ tó ṣe oríire bíi tiyín, nítorí pé ojú mi ni ẹ kọ́kọ́ rí nígbà tí ẹ dé. Mo ń retí pé kí ẹ sanra, ṣùgbọ́n kí ẹ sanra pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí. Mo ń retí pé kí ẹ máa jẹun bí ẹni tó mọ̀ pé ìjọba ń wo òun!"

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, àmọ́ àwọn ọmọ adìẹ kún páálí, wọ́n sì ń ké. Dosi gbé omi ṣúgà dání, ọwọ́ ń ro ó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ náà ń ké."

"Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni? Ẹnu ni wọ́n fi ń pa tiwọn."

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán!" ni Níyì wí.

Ẹ jẹ́ kí n dá Níyì yìí dúró díẹ̀ fún yín, nítorí pé òun ló da iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Àwàdà ni "Ẹni tó gbọ́n ju ìwé lọ" lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá kò gbà á ní àwàdà. Ó rò ó wò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbọ́n ju ìwé lọ, kí ló tún fẹ́ fi ìwé ṣe? Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń kà nínú ìwé yòówù tó bá dé iwájú rẹ̀. Ó ní àwọn ìlà yòókù, ọmọ ẹ̀yìn lásán ni wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà kan dé láti Ìkẹjà. Oṣù tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀ èdè abínibí ni, àwọn ọ̀gá lọ́hùn-ún sì ti ní kí gbogbo lẹ́tà oṣù náà jẹ́ Yorùbá. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran já a gbà lọ́wọ́ Níyì kí Níyì tó ṣí i tán. Ìlà àkọ́kọ́ rèé, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: Ọ̀RÁ GBỌ́DỌ̀ KÚRÒ NÍ GBOGBO IBÙDÓ ÌJỌBA. Ó kà á, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ọ̀rá!" Ó pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ ilé kìíní fi sá lọ sí kọ̀rọ̀ ilé. "Ọ̀rá ni ọ̀tá! Ọ̀rá ló ń di ọkàn àgbà, ọ̀rá ló ń di iṣan ìjọba! Láti òní lọ, adìẹ kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọ̀rá nínú ọgbà yìí!"

Dosi na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. Ọ̀rá wo ni wọ́n ní? Èyí tí wọ́n ń jẹ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń di nǹkan?"

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran wò ó láti orí àga rẹ̀ gíga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dáwọ́ mímì dúró.

"Ìwọ Dosi. Èdè ta ni Yorùbá?"

"Èdè yín ni, sà."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ègùn ni, sà."

"Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí Ègùn ń pe ọ̀rá, n ó ránṣẹ́ pè ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí! Ẹnu ìyá mi ni Yorùbá ń gbé kó tó kó jáde sí ìgboro!"

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Dosi náà pa díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wò ó. Ẹni tó kọ́ èdè lágbà máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbé e mì, onílé kàn ń gbé e mì ni.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá lé Ìyá Tiwalolúwa, tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òórùn epo rẹ̀ ń ba ẹ̀kọ́ àwọn adìẹ jẹ́. Ó fi okùn ìwọnṣọ wọn ikùn àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Nígbà tí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ìtẹríba béèrè ẹni tí yóò wọn ti ọ̀gá, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, tó máa ń dé ibikíbi ṣáájú rẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀rá. Iyì ni." Ó wá ká lẹ́tà Ìkẹjà náà kí ìlà àkọ́kọ́ nìkan lè hàn, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sórí ògiri gbọ̀ngàn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í nítorí àwọn olè tó ń jí ọgbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ àṣẹ náà sínú ìwé, Dosi wọlé tọ Níyì lọ. Ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Níyì, bóyá o ò mọ̀. Adìẹ tí kò bá rí ọ̀rá jẹ nínú ooru etíkun yìí, kò lè dàgbà. Ọ̀rá ló ń fún un lágbára tí ara rẹ̀ ò fi ní máa gbóná jù. Fítámì wà tí kò lè wọ ara rẹ̀ àfi kí ọ̀rá gbé e wọlé. Ìwọ̀n díẹ̀ ni, kò ju síbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tó bá pọ̀ jù, á máa yàgbẹ́ gbuuru. Tí kò bá sí rárá, ọjọ́ kejìlélógójì á bá wa lójijì."

"Àǹtí Dosi, akọ̀wé ni mí. Adìẹ díndín nìkan ni mo mọ̀." Níyì wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ tó bá jẹ́ tìwé ni, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni tọ̀gá. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ní kí n kọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá kì í dé ibẹ̀."

Dosi mí kanlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Bí àṣírí bá tú, wọ́n á lé e, ìdánwò á sì bà jẹ́ pátápátá. Ó rántí ìkòkò Sẹ̀nami. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀, Níyì ń tẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni ìwé náà ṣe rí. Lókè: "Láti òní lọ, ọ̀rá di èèwọ̀ nínú oúnjẹ adìẹ ibùdó yìí." Nísàlẹ̀, lẹ́tà wínníwínní: "Àṣẹ yìí kò kan epo pupa ilé kìíní àti àdí àgbọn ilé kejì, nítorí pé epo ni epo, àdí sì ni àdí. Ilé kẹta nìkan ni kò ní jẹ ọ̀rá mọ́." Ọ̀gá ka èyí tó wà lókè, ó ní èdè náà dùn, ó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí rẹ̀ gba ìdajì ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé kẹta ṣe di ẹran ìrúbọ. Kò sí ohun tí Dosi lè ṣe sí i, ilé kan gbọ́dọ̀ pa àṣẹ mọ́ kí ojú ọ̀gá lè rí nǹkan wò. Láìsí ọ̀rá, oúnjẹ wọn gbẹ, eruku rẹ̀ ń fò, àwọn adìẹ náà ń jẹ ẹ́ títí, wọn ò sì sanra. Wọ́n tún ń sín. "Ẹ forí jì mí," ni Dosi máa ń wí fún wọn láràárọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wá wò wọ́n, wọ́n sín sí i lójú. Níyì ní ọ̀rá tó ṣẹ́ kù nínú wọn ni wọ́n ń tú síta, ọ̀gá sì yin Níyì fún ìjìnlẹ̀ òye rẹ̀.

Ilé kejì ńkọ́? Háà! Ìyẹ́ wọn ń dán, àyà wọn fẹ̀, wọ́n ń rìn bí ọlọ́jà tó jèrè. Ilé kìíní náà kò kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ àdí àgbọn yìí yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran dúró síwájú wọn, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo ara tí kò mọ ọ̀rá!"

Dosi tẹ orí ba, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógójì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ti gbọ́ wínrínwínrín pé bí àbẹ̀wò yìí bá dára, wọ́n lè gbé òun lọ sí Ìkẹjà, kí òun máa darí gbogbo adìẹ ìpínlẹ̀. Ó pinnu pé kò sí àlejò tí yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún kan láílọ́ọ̀nù, funfun tó ń dán, kí àwòrán òun wà lójú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ADÉDÌRAN, Ọ̀TÁ Ọ̀RÁ. Ẹ ṣàkíyèsí pé láílọ́ọ̀nù ló pè é. Ká ní ó pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, bóyá etí rẹ̀ ì bá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Níyì rí i, ó kàn gbé iṣẹ́ náà lọ fún atẹ̀wé. Ẹni tó ti ń pe ènìyàn ní ẹni tó gbọ́n ju ìwé lọ, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dé, obìnrin kan ṣoṣo ló sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀: Ìyáàfin Olúbùkọ́lá, kúkúrú, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú bírò àti ìwé dání. Kó tó gbésẹ̀ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ òkun ti dé. Ó gbé òkìtì láílọ́ọ̀nù tó wà lórí tábìlì, ó fọ́n wọn káàkiri. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Adédìran fò lọ sórí igi àgbọn, ó lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ, ó ń yí gbirigbiri lórí koríko. Ọ̀kan bà lé gèlè àlejò. Ìyáàfin Olúbùkọ́lá mú un, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ mà ní àwàdà o! Ọ̀tá ọ̀rá, lórí ọ̀rá!"

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran bá a rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó ń rín. Ó mú un lọ sí ilé kejì, ó sì na ọwọ́.

"Màdáàmù, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, adìẹ wọ̀nyí kò tọ́ ọ̀rá wò! Mo ti lé ọ̀rá kúrò lẹ́nu adìẹ, mo lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo lé e kúrò níkùn òṣìṣẹ́!"

Ìyáàfin Olúbùkọ́lá dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Lẹ́nu adìẹ? Ibo ni lẹ́tà náà wà?"

Wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ṣí férémù, obìnrin náà tú ìwé náà, ó nà án sí ọ̀gá. "Ẹ kà á fún wa, sà. Títí dé ìsàlẹ̀."

Ohùn ọ̀gá ga nígbà tó bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rá gbọ́dọ̀ kúrò ní gbogbo ibùdó ìjọba!" Ó mí. Ó wo ìlà kejì bí ẹni tó pàdé àjèjì nínú yàrá ara rẹ̀. "Ọ̀rá tí a ń sọ ni... èyí tí a fi ń di omi, búrẹ́dì àti ẹrù ọjà... tó ń dí ojú gọ́tà... tó sì ń pa ẹja inú ọ̀sà. Ọ̀gá ibùdó tí a bá bá ọ̀rá nínú ọgbà rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin..." Ìyókù kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lójú fèrèsé, ẹgbẹ̀rún kan ojú rẹ̀ ń fò kiri nínú oòrùn.

"Ọgbọ́n ogun ni, Màdáàmù," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ kí ará ìlú kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀tá ni."

"Ojú tí mo rí níbẹ̀, ojú yín ni."

Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró sí, ẹnìkan ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyáàfin Olúbùkọ́lá ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Dosi ló ń gbé adìẹ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kẹta: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ kìlò kan ààbọ̀. Ilé kìíní: kìlò méjì lé díẹ̀. Ilé kejì: kìlò méjì ààbọ̀ dín díẹ̀. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè.

"Kí ni àwọn ilé kejì jẹ?"

"Afẹ́fẹ́ òkun àti àbójútó mi!" ni ọ̀gá wí.

"Ìyá tó ń po oúnjẹ ni mò ń bi."

Bí Dosi bá pa irọ́ mọ́ irọ́ ọ̀gá, ó lè pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ àdí ò ní lórúkọ nínú ìwé obìnrin yìí, àwọn ara Ikoga á sì pa iná. Ó fa àṣẹ tí ọ̀gá fọwọ́ sí yọ nínú àpò.

"Àdí àgbọn ni, Mà. Ó wà níbí. Ọ̀gá fọwọ́ sí i."

Ìyáàfin Olúbùkọ́lá kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí i?"

"Mo kà á dáadáa!"

"Ẹ mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ń jẹ àdí, ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé wọn ò tọ́ ọ̀rá wò."

"N ò kà á, Màdáàmù!"

"Ẹ máa ń fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Ọ̀rọ̀ kankan kò jáde, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé Kankon. Níyì, tí àṣà ti mọ́ lára, kò mọ ìgbà tó ké e jáde.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán!"

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì. Ìyáàfin Olúbùkọ́lá fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Dosi náà rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Ìkẹjà ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Adédìran lóòótọ́, bó ṣe ń retí. Yàrá kan ni wọ́n fún un, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, kó máa kà wọ́n kó sì máa kọ kókó inú wọn sílẹ̀. Ìyá Tiwalolúwa padà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ lo ọjọ́ méjì gbáko láti ṣa ojú ọ̀gá kúrò lórí igi.

Dosi kò dúró kí wọ́n ṣà á tán. Ọ̀sán ọjọ́ tí Ìyáàfin Olúbùkọ́lá fọwọ́ sí ìwé pé kí ibùdó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdí àgbọn, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ikoga. Àwọn obìnrin náà jókòó lábẹ́ ibojì, ọwọ́ dilẹ̀. Sẹ̀nami kò dìde.

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n?"

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, Àǹtí. Tiwa ló borí. Kìlò méjì ààbọ̀ dín díẹ̀."

"Kìlò, kìlò. Báwo ni ìyẹn ṣe tó?"

Dosi ṣí apẹ̀rẹ̀ tó gbé wá, ó gbé adìẹ funfun kan jáde, ó sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá. Apá Sẹ̀nami wálẹ̀.

"Oklunọ ṣie!" ló ké ní Ègùn. "Olúwa mi o! Adìẹ rèé, àbí ọmọ ewúrẹ́?"

Ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e, ìyẹn náà gbé e fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ogún obìnrin, oníkálukú ń fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Nígbà tó kan ẹni ìkẹyìn, ó gbé adìẹ náà sílẹ̀, ó fa ìró rẹ̀ le, ó sì béèrè ẹni tó mọ ibi tí àdá wà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ́ àgbọn.